“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí”: ṣé kóòtù gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí wá láti Òkèlẹ̀rín, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ilé jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n bá lókùú lóko. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun àti ẹni tí wọ́n jọ pààlà ti jà, èkejì sì ti lérí sí i. Bàbá kan wáá pa á lówe pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Gbogbo ilé mi orí. Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe náà gan-an, àti bóyá adájọ́ lè torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lẹ́bi.

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹyẹ tó ń ké lóru ni wọ́n ń pè ní ẹyẹ àjẹ́. Bó bá ké mọ́jú, tí ọmọ inú ilé sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkàn á so méjèèjì pọ̀. Lóde òní, a kì í fi òwe náà mọ sórí àjẹ́ nìkan. Bí owó àjọ bá sọnù lẹ́yìn tí àlejò kan sùn mọ́jú, wọ́n á pa òwe náà. Ibi tó bá ti jẹ́ pé ojú ò tó ọ̀ràn, àmọ́ tí gbogbo nǹkan ń nàka sí ẹnìkan, ibẹ̀ ni òwe yìí ti ń wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sọ ẹni tó ni ẹyẹ, kò sì sọ bóyá ibà ti ń ṣe ọmọ náà láti ìjẹta. Ìbéèrè ló fi parí: ta ni kò mọ̀? Ta ló sì máa dìde láàárín àwọn àgbà pé òun ò mọ̀? Wọ́n á ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹni ibi.

Ní kóòtù, adájọ́ ni ẹni tí kò mọ̀. Abala 36(5) nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí a ka ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí tí ẹ̀rí á fi hàn pé ó jẹ̀bi. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 wá sọ bí ẹ̀rí náà ṣe gbọ́dọ̀ tó: kó lágbára débi tí kò ní ṣẹ́ku iyèméjì kankan tó mọ́gbọ́n dání. Ọrùn ìjọba tó pẹjọ́ ni ẹrù yẹn wà. Kódà olùjẹ́jọ́ lè yàn láti má sọ̀rọ̀ rárá, abala 36(11) fún un láàyè. Níbí ni ti kóòtù ti yà sí tiwa o, nítorí nílé, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Òfin Ẹ̀rí kúkú mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí gbogbo ìlú mọ̀. Abala 124 sọ pé kò pọn dandan kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá fún ohun tó jẹ́ ìmọ̀ gbogbogbòò ládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni tó gbọ́n ò lè jiyàn rẹ̀. Pé Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ta ni kò mọ̀? Ẹni tó pa ọkùnrin tí wọ́n bá lókùú lóko yẹn kò sí lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó ní Ọjà Tákìé.

Ìyẹn ò wá sọ pé dandan ni kí ẹnìkan fojú rí ọ̀ràn. Ìtàn Ògúnlọlá, ẹni tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, tí a ń sọ níbẹ̀ ní wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ Aláàfin nítorí pé ó lu ẹnìkan pa. Nínú ìtàn yẹn, kò síbi tí wọ́n ti jiyàn ẹni tó ṣe é (àti pé pípa tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, ló kó o yọ, kì í ṣe ẹ̀rí). Ọ̀pọ̀ ìpànìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pànìyàn kì í pe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, kóòtù ń gba ẹ̀rí àyíká ọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn nǹkan tó yí ọ̀ràn ká tí a lè fi mọ ẹni tó ṣe é bí kò bá sẹ́ni tó fojú rí i, ó sì ti dá ènìyàn lẹ́bi ikú lórí rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyẹn so kọ́ra, kí wọ́n nàka sí olùjẹ́jọ́ nìkan, kó má sí ọ̀nà mìíràn tó bọ́gbọ́n mu tí ọ̀ràn náà fi lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ oko yẹn wò. Ohun mẹ́ta ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé ènìyàn kú, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ló pa á, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí pé ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó yọrí sí ikú tàbí ìpalára ńlá. Kí ni dókítà bá lára òkú? Bó bá ṣe pé ejò ló bù ú jẹ ńkọ́? Bó bá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Ìjà ààlà lè jẹ́ kí adájọ́ rí ìdí tí olùjẹ́jọ́ fi lè fẹ́ ibi fún un, àmọ́ kò lè dá dúró. Bí wọ́n bá rí àwọn méjèèjì pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí kò sì sẹ́ni tó tún rí olóògbé láàyè mọ́, ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn: kóòtù á retí pé kí ẹni tí wọ́n rí kẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pínyà.

Ìlérí yẹn náà ńkọ́? Ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu afurasí lè wá jẹ́rìí. Ẹni tí aya rẹ̀ délé sọ fún pé báyìí ni wọ́n wí, ìyẹn ò lè fi jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìròyìn ò tó àfojúbà, òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ àwọn kan sílẹ̀ o, bí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó mọ̀ pé òun ń kú lọ sọ nípa ohun tó pa á.

Bí wọ́n bá ní afurasí ti jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò tíì tán. Bí lọ́yà rẹ̀ bá sọ pé wọ́n lù ú kó tó jẹ́wọ́, adájọ́ á dá ẹjọ́ ńlá dúró, á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ kékeré lórí ìjẹ́wọ́ yẹn. Ìjọba ni yóò fi hàn pé kò sí ìfìyàjẹni níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé ìwé ìjẹ́wọ́ náà tì.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá sì ń dábàá pé kí wọ́n fún ọkùnrin náà ní nǹkan mu kó lè fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ̀. Abala 207 Òfin Ìwà Ọ̀daràn ka májèlé mímu àti irú ìdánwò eléwu bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Abala 210 sì wà fún ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́: ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló lè já sí. Bí ẹ bá lè bá bàbá tó pa òwe náà sọ ọ́, ẹ sọ fún un kó fi mọ sí òwe. Ẹni tó gbọ́ ìlérí létí ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ bá ọlọ́pàá báyìí, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ kó tó di pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀.