Kaju mi kọ̀, kò ṣe é dá

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kún o, bọ̀dá. Kàbbà níbí ni mo wà, mò ń fi èdè kọ̀ǹpútà C kọ módù kan (kóòdù àfikún) fún èdè Python tá a máa fi ṣírò kajú táwọn àgbẹ̀ bá gbé wá sórí ìwọ̀n. Mo ṣe type kan (irú nǹkan tuntun tí Python á máa dá), Kaju lorúkọ ẹ̀, orúkọ ẹni tó lẹrù àti kílò ló wà nínú ẹ̀. Ó kọ́ńpáìlì, import náà lọ, àmọ́ tí n bá ti kọ Kaju("Ṣadé", 50) ó máa sọ pé cannot create 'oja.Kaju' instances, ìyẹn ni pé kò lè dá Kaju kankan. Mo sì kọ tp_init sí i o! Kí ló dé?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún, àbúrò. tp_new lo gbàgbé. Òun ló ń dá nǹkan ọ̀hún sílẹ̀, tp_init kàn ń kó ẹrù sínú ohun tó ti wà ni. Type tó bá jẹ́ static (èyí tó o kọ tààrà sínú kóòdù C, bíi tìẹ yìí) tó jẹ́ pé object, ìpìlẹ̀ gbogbo type Python, ni bàbá ẹ̀, kì í jogún tp_new, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni torí àwọn type kan wà tí wọn ò fẹ́ kéèyàn máa dá látinú Python. Kọ .tp_new = PyType_GenericNew sínú PyTypeObject ẹ (ibi tó o ti ṣàpèjúwe Kaju), kó ti wà níbẹ̀ kó o tó pe PyType_Ready tó ń mú type náà gbára dì, ó parí. (Àwọn tó ń lo PyType_FromSpec, ọ̀nà míì tá a fi ń ṣe type, kì í rí wàhálà yìí, tiwọn máa ń jogún, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀ jù.)

Ṣùgbọ́n tp_init yẹn ni kó o tún wò dáadáa. Orúkọ tó o fi "O" (àmì fún nǹkan Python èyíkéyìí) gbà lọ́wọ́ PyArg_ParseTupleAndKeywords, tó ń gba ohun tí wọ́n kọ sínú àkámọ́, yíyá ni wọ́n yá ẹ, o gbọ́dọ̀ ṣe Py_INCREF (kó o fi ọ̀kan kún iye àwọn tó di nǹkan náà mú) kó o tó tọ́jú ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì á jù ú nù, prógírámù ẹ á sì kú lójijì. Ẹnikẹ́ni sì lè tún pe k.__init__ lẹ́ẹ̀kejì, kò sófin tó dá a dúró, orúkọ àtijọ́ á wá jókòó sínú mẹ́mọ̀rì láìsí ẹni tó máa jù ú nù. Má wá sáré ṣe Py_DECREF (tó ń yọ ọ̀kan kúrò nínú iye yẹn) fún ti àtijọ́ kó o tó fi tuntun sí i o, torí jíjù ú nù lè mú kóòdù míì ṣiṣẹ́ táá yọjú wo Kaju ẹ nígbà tí ohun inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Py_XSETREF ni kó o lò, ó ń gbé tuntun wọlé kó tó tú ti àtijọ́ sílẹ̀, kò sì ní bínú tó bá jẹ́ NULL (òfìfo) ló wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Tí tp_init bá ṣe dáadáa, dá 0 padà. Tó bá bàjẹ́, -1, kó o sì ti gbé exception (àṣìṣe tí Python á fi hàn) kalẹ̀. Nínú tp_dealloc, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Kaju kan bá fẹ́ parẹ́, ṣe Py_XDECREF (Py_DECREF tí kì í bínú sí NULL) fún orúkọ yẹn, kó o tó pe tp_free tó ń dá mẹ́mọ̀rì padà.