Ìrun àti Àlùwàlá Ẹni tí Ó Dúró ní Ibùdó Inú Aṣálẹ̀

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékùm, Àfáà. Mẹkáníìkì ni mí ní Àkúrẹ́. Mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ láti Agadez sí Dirkou, nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Nígbà tí a fẹ́ padà, a ń retí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n máa ń sin ọkọ̀ kọjá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ọ̀la ni, títí ó fi lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìrun dídínkù (kí a kí ìrun onírákà mẹ́rin ní rákà méjì) ni mo ń kí lójú ọ̀nà àti ní Dirkou, tayamọ́mù (fífi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò omi àlùwàlá) ni mo sì ń ṣe níbi méjèèjì. Ẹnì kan ní kò sí ohun tó ṣe é nítorí pé aṣálẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alékùmù sàláàm. Ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó dá yín lóhùn dì pọ̀ mọ́ra wọn. Ìrìn-àjò ni ó ń dín ìrun kù. Àìsí omi, tàbí àìlè lò ó, ni ó ń jẹ́ kí tayamọ́mù tọ́. Aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àwáwí fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọlọ́hun yọ̀ǹda ìrun dídínkù fún arìnrìn-àjò nínú Sùúrà An-Nisai, aayah 101. Lójú ọ̀nà Imaamu Maliki, tí ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ìrìn náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Nítorí náà, ẹni tó ti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó kò ní dín ìrun kù, ṣùgbọ́n Agadez sí Dirkou jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan yóò kí ìrun rẹ̀ ní pípé. Ẹ̀yin kò pinnu bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì mọ ọjọ́ tí ẹ óò gbéra. Jábírù, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), gbà á wá pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lo 20 ọjọ́ ní Tabuk, tí ó ń dín ìrun kù, Tabuk náà sì jẹ́ ibùdó lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ tó lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù (agbègbè Síríà). A sì gbọ́ nípa Abdullahi ọmọ Umar, tí òun náà jẹ́ sàábé, pé yìnyín dí ọ̀nà mọ́ ọn ní Azerbaijan fún oṣù mẹ́fà, tí kò kí ju rákà méjì lọ. Àyìlà, Àlàásárì àti Ìṣáì yín tọ̀nà, àfi èyí tí ẹ bá kí lẹ́yìn imaamu onílùú tí kì í ṣe arìnrìn-àjò, nítorí pípé ni ẹ gbọ́dọ̀ bá a kí i.

Ti tayamọ́mù ni ó nílò àyẹ̀wò. Láàárín Agadez àti Dirkou, aṣálẹ̀ Ténéré ni ẹ là kọjá, níbi tí omi inú kẹ́ẹ̀gì ti jẹ́ ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù òùngbẹ fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi omi náà sílẹ̀ fún mímu, kí ó sì ṣe tayamọ́mù. Àwọn ìrun ojú ọ̀nà yẹn ti bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ní agbègbè Kawar, tí Dirkou àti Bilma wà, omi wà nínú ilẹ̀, ọ̀pẹ dábínù ń hù níbẹ̀, omi yìí gan-an sì ni ó jẹ́ kí àwọn oníràkúnmí tó ń kó iyọ̀ máa yà síbẹ̀ láti ayé àtijọ́. Ẹni tó bá dé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wá omi, kí ó sì rà á bí wọ́n bá ń tà á ní iye tí àwọn ará ibẹ̀ ń rà á, bí agbára rẹ̀ bá ká a. Kò pọn dandan kí ó rà á bí owó rẹ̀ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ owó oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń rò pé àlùwàlá kò lè ṣe é ṣe láìsí odindi kẹ́tùlù kan, nígbà tí Ànábì wa ń fi mudd kan ṣe tirẹ̀, èyí tí kò ju ìkúnwọ́ méjì tí a pa pọ̀ lọ.

Nítorí náà, gbogbo ìrun tí ẹ fi tayamọ́mù kí ní Dirkou nígbà tí apá yín ká omi ni ẹ óò tún kí pẹ̀lú àlùwàlá. Bí ẹ tilẹ̀ ti wà ní Àkúrẹ́ báyìí, rákà méjì méjì ni ẹ óò kí àwọn onírákà mẹ́rin, nítorí pé gbèsè ìrìn-àjò ni. Bí iye wọn kò bá dá yín lójú, ẹ kí títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀ pé ẹ ti san án tán. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.