Ìnagijẹ Láyé Àwọn Anglo-Saxon: Ta Ló Lè Pe Ọba Bẹ́ẹ̀ Lójú Rẹ̀?

Ìbéèrè: Mo ń kọ eré onítàn kan tí ó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1010, láyé Ọba Æthelred. Mo fẹ́ kí ìránṣẹ́ kan pe ọba náà ní "Aláìnímọ̀ràn" níwájú rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn méjì sì ń jẹ́ Godwine. Ṣé ó bá ìtàn mu, báwo ni mo sì ṣe lè fi ìnagijẹ dá àwọn méjèèjì mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ ọba bẹ̀rẹ̀. Apá méjì ni orúkọ rẹ̀ ní: æthel, tí í ṣe ọlọ́lá, àti ræd, tí í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní Unræd, èyí tí í ṣe ìmọ̀ràn burúkú, tí ẹ̀yin túmọ̀ sí Aláìnímọ̀ràn, ń fi orúkọ àbísọ rẹ̀ bú u ni. Ṣùgbọ́n Æthelred kú ní 1016, ó sì ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí orúkọ yìí tó hàn nínú àkọsílẹ̀. Ẹ gbà á kúrò lẹ́nu ìránṣẹ́ yẹn.

Ìnagijẹ tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí ẹni tí ó gbé ayé lásìkò náà kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1010 yìí gan-an, àwọn ará Denmark kọlu East Anglia ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun sì le ní Ringmere. Ìwé Ìtàn Ọdọọdún tí àwọn Anglo-Saxon, ìyẹn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, fi èdè wọn kọ sọ pé àwọn ará Cambridgeshire dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n pé Thurcytel Orí-Abo-Ẹṣin ni ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Òǹkọ̀wé náà kò dúró ṣàlàyé rárá. Ó so àlàjẹ́ náà mọ́ orúkọ bí ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn tí yóò kà á ti mọ ẹni tí òun ń wí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan yìí gbé ohùn ibùdó ogun dé etí wa ju ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ọba lọ. Edmund ọmọ Æthelred náà ní tirẹ̀, Ẹ̀gbẹ́-Irin, ìwé kan náà sì sọ lábẹ́ ọdún 1057 pé ìgboyà rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ogun tí ó bá Cnut, olórí ogun àwọn ará Denmark, jà ní 1016 ni ó sọ ọ́ di akọni, nítorí náà kò tíì yẹ kí ẹ lò ó nínú eré yín.

Ní ti àwọn Godwine, kò sí orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jogún nígbà náà, orúkọ yìí sì pọ̀ nílẹ̀ wọn. Orúkọ bàbá, ibùgbé, iṣẹ́ tàbí ìrísí ara ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀. Bede, òpìtàn ìjọ Kristi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, sọ̀rọ̀ nípa àlùfáà méjì tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Hewald: àwọ̀ irun orí ni wọ́n fi pe ọ̀kan ní Hewald Dúdú, tí wọ́n sì pe èkejì ní Hewald Funfun. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tiyín. Bí ẹ bá sì fẹ́ ti ìgboro, àkọsílẹ̀ owó ilé tí wọ́n ṣe ní Winchester ní nǹkan bí 1110, tí ó wẹ̀yìn wo ayé Ọba Edward, ọmọ Æthelred mìíràn, kún fún ìnagijẹ, títí kan àwọn tí ó rùn débi tí n kò lè kọ wọ́n síhìn-ín.

Ẹ má gbàgbé ìkékúrú orúkọ inú ilé. Bede ròyìn pé lẹ́yìn ikú Saberht, ọba àwọn East Saxon, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ṣèrìbọmi rí Bíṣọ́ọ̀bù Mellitus tí ó ń pín oúnjẹ Olúwa fún àwọn ènìyàn nínú ìjọ, wọ́n sì bi í pé kí ló dé tí kò fún àwọn ní búrẹ́dì funfun tí ó máa ń fún bàbá àwọn, Saba. Nínú ìwé tí ó kún fún orúkọ ńláńlá, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá nínú ilé. Bí ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn Godwine yín bá fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ó pè é ní Goda.