Èsì: Gbígbé ajá àti ológbò láti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní oṣù méjì ló kù kí ẹ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì ń bèèrè bóyá ajá àti ológbò yín lè bá yín lọ. Bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ètò rárá, oṣù méjì kò lè tó.

Microchip, ìyẹn ẹ̀rọ tín-ín-tín tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà nínú rẹ̀, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sábẹ́ awọ wọn, kí wọ́n tó gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e yí po! Abẹ́rẹ́ ni dókítà ẹranko tí mo lọ bá kọ́kọ́ gún ajá mi. Abẹ́rẹ́ yẹn kò jámọ́ nǹkan kan lójú òfin. A tún un gún, mo sì sún ìrìn-àjò síwájú, torí n kò lè fi í sílẹ̀.

Tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọn ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àyẹ̀wò yìí. Èsì, ìyẹn ìwọ̀n èròjà tó ń gbógun ti dìgbòlugi nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ ó tún dúró oṣù 3. Ajá nìkan ló máa lo oògùn aràn, láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó dé ọ̀hún.

Bí ìwé kò bá pé, wọ́n lè ti àwọn ẹranko náà mọ́lé fún àkókò tó lè tó oṣù 4, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó rẹ̀.

Ṣé wọ́n ti ní microchip lára báyìí?