Ṣé kí n gbàdúrà kí wọ́n kú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Aránṣọ ni mí, ojúde ilé bàbá mi ni mo sì ti ń ránṣọ láti ọdún 9 sẹ́yìn. Nígbà tí mo di onígbàgbọ́, mo sọ fún àwọn ẹbí pé n kò ní lè dá owó ọdún egúngún mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, tí aṣọ oníbàárà 14 sì há síbẹ̀, títí kan aṣọ ìyàwó kan. Wọ́n tún ń sọ kiri àdúgbò pé àjẹ́ ni mí. Ìyá àdúrà wa ní kí n máa ka Sáàmù 109 lóru fún ọjọ́ 21, kí n máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí ẹbí wa, tó wà lára wọn, ló sọ mí lórúkọ nígbà tí wọ́n bí mi. Ẹnu mi kò gbà á. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni?
Aránṣọ, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Rárá, àìnígbàgbọ́ kọ́. Sáàmù yẹn le lóòótọ́, nítorí ẹni tó kọ ọ́ tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ọ̀tá òun di aláìníbaba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹjọ́ ló ń rò: wọ́n purọ́ mọ́ ọn, wọ́n fi ibi san oore fún un, ó sì gbé ìbínú rẹ̀ tọ Ọlọ́run lọ. Ẹ lè kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ti àgádágodo, ẹ sọ ti orúkọ àjẹ́, ẹ sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, kí ẹ sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ín. Èyí tí n kò fara mọ́ ni kí a sọ Sáàmù di ọfọ̀ tí a ń pe orúkọ ènìyàn sí.

Ẹ tún wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4. Àwọn aláṣẹ Jerúsálẹ́mù ti Pétérù àti Jòhánù mọ́lé, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ wọn kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ìjọ gbóhùn àdúrà sókè, wọ́n dárúkọ Hẹ́rọ́dù àti Pọ́ńtíù Pílátù láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀; síbẹ̀, ìgboyà láti máa sọ̀rọ̀ nìṣó àti ìwòsàn fún àwọn aláìsàn ni wọ́n tọrọ.

N kò ní tàn yín pé gbogbo ẹni tó bá gbàdúrà ló ń bọ́ lọ́wọ́ ìyà: ní orí 12 ìwé náà, áńgẹ́lì mú Pétérù jáde lẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi idà pa Jákọ́bù, ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ní Abẹ́òkúta níbí, ní 1849, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nárì Crowther àti Townsend dé ibẹ̀, wọ́n lu àwọn onígbàgbọ́, wọ́n sì kan àbà, igi tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n, mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n kan àbà mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà náà ní Fílípì. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin lóru, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn adájọ́ ní kí wọ́n máa rọra lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀: ọmọ Róòmù ni àwọn, wọ́n nà wọ́n ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, kí wọ́n fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Nítorí náà, àdúrà kò ní kí ẹ má béèrè ẹ̀tọ́ yín. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 38, fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹ̀sìn tàbí láti yí i padà. (Ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti àwọn ẹbí yín pẹ̀lú, ẹ má ṣe bú egúngún wọn.)

Aṣọ àwọn oníbàárà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí wọn kò sí nínú ìjà yìí. Ẹ mú àgbà kan tí ẹbí ń bọ̀wọ̀ fún dání, ẹ gbàdúrà kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ ìyàwó ṣáájú.