Ẹnu Ti Dákẹ́, Ohùn Ṣì Ń Sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fóònù ni mo fi ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, ìṣẹ́jú 40 gbáko. Bí mo ṣe gbé e sínú Kdenlive tí mo fi ń gé fídíò, ńṣe ló ń fà bí ìgbín. Ẹnu àti ohùn bára mu níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa di ìparí, ẹni náà á ti panu dé, ohùn ẹ̀ á ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo fi HandBrake, sọ́fítíwíà àyídà fídíò, yí i padà, kò tán. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fóònù ẹ ò bàjẹ́. Àrùn méjì ló ń ṣe fídíò yẹn, oògùn kan ṣoṣo lo sì ń fún un.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ohùn. Iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró sójú kan. Ó lè ya 30 níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kó wálẹ̀ sí 24 níbi tó ṣókùnkùn. Iye tí kì í yẹ̀ sì ni sọ́fítíwíà tí a fi ń gé fídíò ń fẹ́. Àṣìṣe bíńtín á máa gorí ara wọn títí ẹnu àti ohùn á fi pínyà. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Níbi iṣẹ́ gígùn àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ibi 17 ni mo gé ohùn sí, tí mò ń tì í díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Iṣẹ́ òfo gbáà!

Ṣí fáìlì náà nínú MediaInfo, sọ́fítíwíà tó ń sọ bí fáìlì fídíò ṣe rí nínú, kó o wo ìlà "Frame rate mode". Bó bá ti kọ "Variable" síbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè. Ní ti HandBrake, mo fura pé o fi í sílẹ̀ sórí "Peak Framerate". Ìyẹn kàn ń sọ pé kó má kọjá iye kan ni. "Constant Framerate" ló yẹ kó o mú.

Ti fífà ńkọ́? H.264, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà di fídíò kó lè kéré, ni ọ̀pọ̀ fóònù fi ń tọ́jú fídíò. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú odindi àwòrán, ìyókù kàn ń sọ pé "bíi ti ìṣáájú ni, àmọ́ ọwọ́ ti gbéra." Ó dáa fún wíwò. Àmọ́ ìwọ tó ò ń fò síwá fò sẹ́yìn, gbogbo ìgbà ni kọ̀ǹpútà á máa padà lọ wá odindi yẹn kó tó ṣírò bọ̀. HandBrake náà sì tún kó o padà sínú irú ìdì kan náà. DNxHR, irú ìdì tí wọ́n ṣe fún gígé fídíò, ni kó o lò, níbi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti dá dúró. FFmpeg, sọ́fítíwíà tí a máa ń kọ àṣẹ fún nínú Terminal, á wo àrùn méjèèjì pọ̀:

ffmpeg -i fidio.mp4 -c:v dnxhd -profile:v dnxhr_sq -pix_fmt yuv422p -r 30 -c:a pcm_s16le fidio.mov

"-r 30" yẹn ló ń so iye àwòrán mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 lo fi yà á, kọ 60.

Má pariwo tó o bá rí bí fáìlì náà ṣe tóbi o. Fídíò 1080p ní 30 máa ń gba bíi GB 1 fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà wá àyè GB 45 sílẹ̀. Bí àyè ò bá sí, fi dnxhr_lb rọ́pò dnxhr_sq. Kò ní tó ìdá mẹ́ta ìyẹn, àwòrán náà ò sì ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Má pa ojúlówó rẹ́ o, torí àyídà yìí ò lè fi ẹwà tí kò sí níbẹ̀ kún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, MKV ni OBS, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ya ohun tó ń lọ lójú kọ̀ǹpútà, ń gbé jáde fún mi, ibi tí mo ti ń gé fídíò ò sì gbà á. Ṣé dandan ni kí n yí i padà fún odindi wákàtí kan?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Àpò tí a ń kó fídíò sí ni MKV àti MP4. Àpò nìkan lo fẹ́ pààrọ̀, kì í ṣe ẹrù inú ẹ̀:

ffmpeg -i fidio.mkv -c copy fidio.mp4

Kò ní pẹ́ rárá. "Remux Recordings" tó wà lábẹ́ "File" nínú OBS náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n máa fi MKV yà á lọ: bí iná bá lọ lójijì, èyí tó o ti yà á ṣì ṣeé ṣí. MP4 lásán lè má ṣí mọ́.