Ǹjẹ́ àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́ ń pa ènìyàn lára?

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó léwu. Irú èròjà náà àti ìwọ̀n tí a lò ni ó ṣe pàtàkì. Iyọ̀ àti ṣúgà wà lára wọn, benzoate inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára bí kò bá kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà láàyè.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni potassium bromate. Kì í ṣe èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́; ńṣe ni àwọn kan ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú dáadáa. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é, nítorí ó fa jẹjẹrẹ lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Ní ọdún 1999, àjọ tí ó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Kí ẹ tó ra búrẹ́dì, ìbáà ṣe ní Agége tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ẹ yí ọ̀rá rẹ̀ wò, kí ẹ rí nọ́mbà NAFDAC àti orúkọ àwọn èròjà rẹ̀.

Ní ti oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò, májèlé gidi ni, kò sí lára èròjà oúnjẹ rárá.